Ìka tí Ẹ̀rọ Gé, àti Ìwé tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Ẹni tí ó bá kúrò ní ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ó kọrí sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní í rìn jìnnà kí etí rẹ̀ tó kún fún ìró ẹ́ńjìnnì. Níbi kan, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rin fún gàrí. Níbòmíràn, igi ni wọ́n ń là sí pákó. Ní ẹ̀yìn ilé kejì, ilé búrẹ́dì ni, wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun láti òru. Bí a bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, bákan náà ni: ilé ìlagi, ilé tí a ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ, ilé ìtẹ̀wé, ibi tí a ti ń rọ omi sínú ọ̀rá, ibi tí a ti ń ṣe bílọ́ọ̀kù. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fi oúnjẹ sí ẹnu gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹ̀rọ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ àti ọwọ́ tí ó gbé e wá.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń ka ìwé ìrántí yìí ju bí a ti rò lọ. Àwọn kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni ó ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí náà sì mọ̀ pé bí ọmọ bá parí ìdánwò WAEC tán, tí ó ń retí èsì, kì í fẹ́ jókòó lásán. Ilé búrẹ́dì tàbí ilé omi ni ó sábà máa ń lọ láti wá owó JAMB. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó mọ Físíìsì lórí pátákó dáadáa, ṣùgbọ́n kò dúró ti ẹ̀rọ rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Físíìsì náà bẹ̀rẹ̀. Ká ní àgbá irin tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ yí ká fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì ń yí ní ìgbà 600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà mẹ́wàá ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àyíká àgbá náà jẹ́ bí 63 sẹ̀ǹtímítà; nítorí náà bẹ́líìtì yẹn ń rin ju mítà mẹ́fà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun kan bá fa ènìyàn lójijì, ó lè tó ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kí ọpọlọ tó gbọ́, kí ó tó pàṣẹ, kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Láàárín ìdámẹ́rin yẹn, bẹ́líìtì ti rin mítà kan àti ààbọ̀. Apá ènìyàn kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ìbéèrè asán láti bi ẹni tí ẹ̀rọ fa apá aṣọ rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí o kò tètè fa ọwọ́ yọ?"

Ibi tí ó burú jù lára ẹ̀rọ ni ibi tí ohun méjì ti ń pàdé níbi tí wọ́n ti ń yí: ibi tí bẹ́líìtì ti ń gun orí àgbá, tàbí àárín òpó irin méjì tí ń tẹ ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Irú ibẹ̀ kì í kọ́kọ́ gé nǹkan. Fífà ni ó ń fà á wọlé. Etí aṣọ ni ó lè kọ́kọ́ mú, tàbí ìbọ̀wọ́, tàbí gèlè, tàbí okùn ìbàdí, ara yóò sì tẹ̀lé e. Olùkọ́ iṣẹ́ igi wa ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé pẹ̀lú apá aṣọ tí a kò ká sókè tàbí táì tí ó ń fì. Òǹrorò ni a máa ń pè é lẹ́yìn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtúnṣe ọ̀ràn yìí kì í ṣe àdììtú. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1987, èyí tí ó rọ́pò ti ọdún 1955, pàṣẹ pé kí a fi ọgbà tàbí ìbòrí dí àwọn ibi eléwu lára ẹ̀rọ, kí ìbòrí náà sì wà ní ipò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Ẹ kíyè sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Nínú púpọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tí mo ti wọ̀, ìbòrí wà lóòótọ́: ó fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ bẹ́líìtì, wọn kò sì dá a padà, nítorí pé ọjọ́ mìíràn tí bẹ́líìtì yóò tún já kò jìnnà.

Irú àṣẹ yìí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni. Nínú ìwé Deuteronomi, orí 22, ẹsẹ 8, a pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má sì wà lórí ilé náà. Òrùlé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Òfin náà kò dúró sórí pé kí ẹni tí ó gun òkè máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Onílé ni a di ẹrù náà rù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó sún mi dé ìdí ohun tí mo ń kọ yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ilé tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ ni, láàárín ìlú méjèèjì. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ń fi ọwọ́ ti ẹ̀gẹ́ sí ẹnu ẹ̀rọ nítorí pé igi tí wọ́n máa ń fi tì í ti kán, kò sì sí ẹni tí ó gbẹ́ òmíràn. Ẹ̀rọ mú ìka méjì lọ ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìyá tí ó ni ibẹ̀ kì í ṣe ìkà ènìyàn. Òun ni ó gbé e dé ilé ìwòsàn, òun ni ó san owó, ó ra mílíìkì àti ọsàn lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mú pásítọ̀ dání. Gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín. Oṣù kejì, owó ọ̀sẹ̀ tí ó ń fún un dáwọ́ dúró, nítorí pé ọmọkùnrin mìíràn ti dúró ti ẹ̀rọ náà, òun ni ó sì ń gba owó iṣẹ́.

Ó lé ní oṣù mẹ́wàá kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ náà wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá wọn kọ lẹ́tà. Mo ní kí wọ́n mú káàdì ilé ìwòsàn wá. Níbi tí ó yẹ kí a kọ ohun tí ó fa ọgbẹ́ sí, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé ó fi àdá gé ara rẹ̀ nílé. Ẹni tí ó tẹ̀lé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé, bóyá nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá, bóyá nítorí kí wọ́n lè tètè dá wọn lóhùn. Bí káàdì náà bá jẹ́ òtítọ́, kò sí ẹ̀rọ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, kò sì sí agbanisíṣẹ́.

Láyé àwọn baba wa, bí irin bá ṣe ènìyàn léṣe, ọ̀rọ̀ Ògún ni wọ́n máa ń kà á sí. Àwa onígbàgbọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n a ti rí gbólóhùn mìíràn fi dípò rẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ sí i." Ó tọ́ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a lè dúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí a sì fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn tí ó yẹ létí lọ́jọ́ Ajé; èkíní kò dí èkejì lọ́wọ́.

Pé kí ẹni tí iṣẹ́ ṣe léṣe gba owó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀gá rẹ̀ jẹ̀bi, èrò náà kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ilẹ̀ Jámánì ni ó ṣáájú, ní ọdún 1884, nígbà Bismarck. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1897. Àwọn amúnisìn mú irú òfin náà wọ Nàìjíríà ní 1941, ìjọba ológun sì tún un kọ ní 1987. Lábẹ́ ti 1987 yìí, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni: owó iṣẹ́ oṣù 54 fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, owó iṣẹ́ oṣù 42 fún àwọn tí ẹni tí ó kú fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí owó ṣe ń rìn nínú ilé opó yóò mọ bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí: a ó fi sin òkú, a ó fi pa orí ilé dé, ó tán.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tuntun lórí owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́. Àjọ NSITF ni a fi í lé lọ́wọ́, àjọ tí ó ti ara ètò ìfowópamọ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 1961 jáde wá. Òfin náà yí ọ̀rọ̀ padà ní ọ̀nà méjì tí ó ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́, agbanisíṣẹ́ ni yóò máa dá owó sínú àpò kan, ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tí ó ń san. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan lára owó òṣìṣẹ́ fún un. Èkejì, owó oṣooṣù ni ẹni tí ìpalára bá sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ mọ́ pátápátá yóò máa gbà, ìdá 90 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tí ó fi aya tàbí ọkọ àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 náà ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kan, ìdá 85. Owó ọmọ kò sì dúró níbi tí ọmọ bá ti lè gbé ẹrù. Ó ń lọ títí di ọdún 21 tàbí títí yóò fi gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, èyí tí ó bá ṣáájú. Mo rò pé ìlà kan yìí nìkan tó kí ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ yìí kà á sókè ní ìpàdé wọn, nítorí pé àwọn ọmọ tí a mọ̀ ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn ikú baba tí ó kú sẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè.

Ta ni òfin yìí pè ní òṣìṣẹ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ẹni tí ó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni, ẹni tí ń gba owó ní báńkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbáà jẹ́ àdéhùn ẹnu lásán, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, ìbáà jẹ́ alágbàṣe ojúmọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́, òfin kà wọ́n mọ́ ọn. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí onílé pàápàá wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun nìkan ni a yọ sílẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1987 ní tirẹ̀ ń wo ibi tí ènìyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ilé ìrin-ẹ̀gẹ́ tí ó ní ènìyàn mẹ́rin lè sá fún un. Ṣùgbọ́n kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú ti 2010.

Nísinsìnyí, ìròyìn fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún òṣìṣẹ́, tàbí ẹni tí ó gbójú lé e bí ó bá ti kú, láti fi ọ̀rọ̀ náà tó ilé iṣẹ́ létí: ọ̀gá, alábòójútó, ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́, tàbí ẹni tí iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó sọ kò pọ̀: orúkọ rẹ̀, àkókò àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti irú ìpalára náà pẹ̀lú ohun tí ó fà á, ní èdè tí ó yé gbogbo ènìyàn. Inú mi dùn sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Òfin kò béèrè èdè agbẹjọ́rò. "Bẹ́líìtì fa apá aṣọ mi, ọwọ́ mi tẹ̀lé e" ti tó. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fọ́ọ̀mù, òun ni yóò pèsè rẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá sì kọjá, ilẹ̀kùn kò tì pátápátá bí ó bá hàn pé ọ̀gá mọ̀ nípa ọ̀ràn náà; ìyá tí ó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn kò lè sọ pé òun kò gbọ́.

Láti ibẹ̀, ẹrù ti kúrò lórí òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti ìgbà tí ìpalára ṣẹlẹ̀ láti ròyìn rẹ̀ fún àjọ náà àti fún ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́. Yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì òṣìṣẹ́, ìgbà àti ibi, irú ìpalára náà, àti orúkọ dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin bí kò bá ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó tó ènìyàn mẹ́wàá, tí ìpalára náà sì mú kí òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sí olùbẹ̀wò ilé iṣẹ́ lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìwé méjèèjì yìí yàtọ̀. Ọ̀kan ń wá owó fún ẹni tí ó farapa. Èkejì ń pe ojú ìjọba wá wo ẹ̀rọ náà kí ó má baà tún mú ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí ó rántí èkíní kì í rántí èkejì, n kò sì yà á lẹ́nu, nítorí pé ẹni tí ó bá wá wo ẹ̀rọ yóò rí ìbòrí tí ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Òṣìṣẹ́ náà ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ láti kọ, èyí tí yóò fi béèrè owó gbà-máà-bínú, ó sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i láàárín ọdún kan. Èyí ni ọdún tí ó fẹ́ bọ́ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àjọ yóò béèrè ìwé dókítà, yóò yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí wò, yóò sì díwọ̀n bí ìpalára náà ti tó: ìka kan kò tó apá kan, àtàǹpàkò kì í sì ṣe ẹgbẹ́ ọmọńdinrín. Wọ́n lè san owó ilé ìwòsàn, wọ́n lè pèsè ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, wọ́n sì lè ràn án lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Bí ìpinnu wọn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ìgbìmọ̀ àjọ náà, kí ó sì ti ibẹ̀ gba ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lọ.

Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí òfin ti wí yìí náà ni ó máa ń rí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà rárá. Àwọn mìíràn forúkọ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń wá iṣẹ́ kọngílá lọ́dọ̀ ìjọba, níbi tí a ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n gbé e kọ́ ògiri, òṣìṣẹ́ wọn kò sì mọ ohun tí ó wà fún. Owó ìtanràn inú òfin 1987 náà ti di ohun ẹ̀rín: ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ tí ó tóbi nígbà tí wọ́n kọ ọ́ kò ra ohun tí ó tó nǹkan mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n òfin tí a kò lò kò lè dára ju bí ó ti wà lọ, ìròyìn tí a kò kọ kò sì lè dé ibì kankan.

Èyí tí ó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni ìwé àdéhùn tí wọ́n máa ń fún aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láti fọwọ́ sí: pé òun ti gba iye báyìí, òun kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ títí ayé. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, alàgbà yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn yóò ní kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí nítùbí-ìnùbí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin sọ pé òṣìṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn láti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí. Ohun tí ọ̀gá bá fún un nítorí àánú, kí Ọlọ́run san án fún un. Àánú rẹ̀ kò pa ẹ̀tọ́ run. Nínú ìwé Eksodu, orí 21, ọ̀rọ̀ ẹni tí a ṣe léṣe wà níbẹ̀, ohun méjì ni a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é: owó àkókò tí ó sọnù àti owó ìtọ́jú títí ara yóò fi dá ṣáṣá. Ìyá tí ó ni ilé ìrin-ẹ̀gẹ́ san èkejì, ó sì rò pé òun ti san méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ etí ń kọ́? Mo fi ìró ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí, ẹ ó sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó ti pẹ́ nílé ìlagi máa ń pariwo bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, kódà nínú ilé Ọlọ́run. Etí wọn ni ó ti lọ. Òfin 2010 ka etí dídi tí iṣẹ́ fà mọ́ ìpalára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde, ó sì ka ìdààmú ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú lẹ́nu iṣẹ́ bá fà mọ́ ọn pẹ̀lú. Ó ṣeni láàánú pé ní ìlú Ọ̀yọ́, tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkànṣe wà láti ọdún 1977, tí a sì ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń bá adití sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹ̀rọ ìlagi di létí kì í ka ara rẹ̀ sí ẹni tí iṣẹ́ ṣe léṣe. Ó ní ọjọ́ ogbó ni.

Nípa wákàtí àkọ́kọ́, mo fẹ́ kí a ka èyí tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe yí ẹ̀rọ sẹ́yìn láti fa ọwọ́ yọ bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gidigidi, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ. Ẹ má ṣe da epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí ògùn ìbílẹ̀ sí i. Bí ìka bá já, ẹ má ṣe jù ú nù, ẹ má sì fi í sínú yìnyín ní ìhòòhò: ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó tutù díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ẹ wá gbé ọ̀rá náà sórí omi tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó lè rán an padà, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣàìní ilé ìwòsàn ńlá: èyí tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, tí ó ti di ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Bowen, wà níbẹ̀, ti LAUTECH náà sì wà níbẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Bí akọ̀wé ilé ìwòsàn bá sì béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ̀lé aláìsàn kí ó sọ pé ẹ̀rọ ni, kí ó sọ irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́, kí ó sì sọ pé ibi iṣẹ́ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Kí ó dúró títí yóò fi rí i pé ohun tí òun sọ ni wọ́n kọ. Kí ó gba nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tí ó wà níbẹ̀. Kí ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Lẹ́tà ọjọ́ mẹ́rìnlá náà, kí a tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀gá fọwọ́ sí ọ̀kan kí a gbé e padà sílé. Bí ó bá kọ̀, kí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọjọ́ àti wákàtí yóò wà lára rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tiwa kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Àwọn ìyá méjì tí ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà ni ó gbà á sílẹ̀. Wọn kò mọ déètì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì rántí pé Sátidé tí ó ṣáájú ìkórè ìjọ wọn ni, nítorí pé gàrí ìkórè ni wọ́n ń ṣe. A wá ìwé ètò ìkórè náà rí. Déètì wà lára rẹ̀. A ka ọjọ́ kan padà sẹ́yìn, ó sì bá ọjọ́ tí ó wà lórí káàdì mu rẹ́gí. Àwọn ìyá náà fi ọwọ́ sí ohun tí wọ́n rí, ìyá tí ó ni ilé iṣẹ́ sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe àdá, ẹ̀rọ òun ni. Ìtìjú bá a gidigidi, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ìwé náà jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún tó pé. Nígbà tí mo ń kọ èyí, a ṣì ń retí èsì, ìyá náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní owó ọ̀sẹ̀ padà.

Mo gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù tí ó kọjá. Ọmọkùnrin mìíràn ni ó ń fi igi tuntun ti ẹ̀gẹ́ sí ẹnu ẹ̀rọ. Wọ́n ti dá ìbòrí padà sórí bẹ́líìtì. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀, nítorí pé wọn kò rí nọ́ọ̀tì mẹ́rin rẹ̀ mọ́.